Ṣé Oògùn Ni Kò Ràn Án Mọ́, àbí Kòkòrò Ni Ó Sá Pamọ́?

Ìbéèrè yìí dé ọwọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà Àtákúnmọ́sà, Iléṣà. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ti ní táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́jọ. Bí ó bá ti lo oògùn, ara rẹ̀ á yá, á padà sí ilé-ìwé. Tó bá yá, ibà náà á tún gbé e dè. Ẹni tí ń ta oògùn fún wa sọ pé ara ọmọ náà ti mọ oògùn, pé kí a lọ sí èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ àbúrò mi tí ó wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn kòkòrò náà máa ń fi àmì ránṣẹ́ síra wọn bí ebi bá ń pa wọ́n tàbí bí oògùn bá dé, wọn á sì sá pamọ́. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn kò ṣe oògùn tí yóò gé àmì náà kúrò?"

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run yóò fún un ní àlàáfíà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ohun tí ń dùn yín ni pé àìsàn tí ẹ ti san owó rẹ̀ tán tún ń padà wá béèrè owó mìíràn, ẹ kò sì mọ ẹni tí ẹ ó gbà gbọ́ láàárín ẹni tí ń ta oògùn àti ọmọ tí ń kàwé. Ọdún 26 ni mo fi ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkòrò àìfojúrí ní agbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà kí n tó fẹ̀yìn tì. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì da nǹkan pọ̀. Ọmọ àbúrò yín sún mọ́ òótọ́ ju ẹnì kejì lọ, ṣùgbọ́n bí a bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, a ó máa wá oògùn lọ síbi tí kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pé ara ti mọ oògùn. Ọtí lè mọ́ ènìyàn lára títí tí ìgò kan kò fi ní pa á mọ́, ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò kì í ṣe ara ọmọ yín ni ó wá bá jà. Kòkòrò tí ó wọ inú ara náà ni ó wá bá jà. Bí oògùn bá wá kùnà, ọ̀dọ̀ kòkòrò ni a ó ti wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò náà ti yí àbùdá rẹ̀ padà tí oògùn kò fi lè pa á mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà á sì jogún ìwà yìí; èyí ni a mọ̀ sí orí kunkun sí oògùn, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára kòkòrò táífọ́ọ̀dù lóde òní. Ó lè jẹ́ pé oògùn pa èyí tí ó wà nílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n omi tí ọmọ ń mu tún gbé òmíràn wọlé. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò náà kò yí padà rárá, ó kàn lúgọ títí ìjì fi rékọjá ni. Ó sì tún lè jẹ́ pé kì í ṣe táífọ́ọ̀dù ni ó ń ṣe ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn bí yín nínú, nítorí mo ti rí i ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ẹ kò sọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un. Bí ó bá jẹ́ Widal nìkan, àyẹ̀wò tí a fi orúkọ dókítà ará Faransé kan pè láti ọdún 1896, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé kòkòrò kọ́ ni ó ń wá. Ipa ogun tí ara ti bá kòkòrò jà ni ó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ipa ogun sì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ogun ti tán. Ibà málaríà pàápàá lè mú kí Widal sọ pé táífọ́ọ̀dù wà níbi tí kò sí. Ẹni tí a bá ṣe Widal fún lẹ́ẹ̀mẹta ní ìlú wa lè gba èsì táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta láìní in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó ní in ní tòótọ́, torí orí ìyẹn ni ìbéèrè yín dúró lé.

Nítorí pé aṣọ ni ẹ ń tà, òfì ni n ó fi ṣe àpèjúwe. Nínú bakitéríà kan ṣoṣo, irú kòkòrò tí ti táífọ́ọ̀dù jẹ́, tí ojú lásán kò lè rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kéékèèké ni ó wà tí à ń pè ní ráíbósóòmù. Òfì ni wọ́n, purotéènì sì ni aṣọ tí wọ́n ń hun. Òwú wọn ni àwọn èròjà tí à ń pè ní amáínò ásíìdì, àwọn aláàárù kan sì wà tí ń ru òwú náà wá sídìí òfì lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí oúnjẹ bá pọ̀, aláàárù kọ̀ọ̀kan á gbé ẹrù dé, aṣọ á máa jáde, kòkòrò náà á sì máa pín sí méjì méjì, E. coli, tí ó jẹ́ ìbátan kòkòrò táífọ́ọ̀dù, lè pín bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 20 sí 20 bí àyè bá gbà á. Ṣùgbọ́n òfì ń jẹ owó: kíkan òfì tuntun àti híhun aṣọ lórí wọn ni ó ń gba apá tí ó pọ̀ jù nínú agbára kòkòrò tí ń dàgbà. Nítorí náà, bí ebi bá dé, òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dá dúró, bí kò bá ní jẹ gbèsè kú.

Ìdí òfì náà ni ó ti ń mọ̀ pé ebi ti dé. Lọ́jọ́ kan, aláàárù kan á dé láìru nǹkan kan. Èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RelA ni ó ń ṣọ́ òfì. Bí ó bá ti rí aláàárù tí ó wá lọ́wọ́ òfo, kíá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kékeré kan tí à ń pè ní ppGpp, tí yóò sì kún inú kòkòrò náà láàárín àkókò díẹ̀. ppGpp yìí á lọ so mọ́ ẹ̀rọ tí ń da ọ̀rọ̀ inú àbùdá kọ, á sì yí iṣẹ́ rẹ̀ padà: kí a má kan òfì tuntun mọ́, kí a má yára pín mọ́, kí a gbé irinṣẹ́ ìgbà ọ̀dá jáde. Àrokò ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, nítorí ó jọ ohun kékeré tí àwọn ọba àtijọ́ fi ń ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, tí ẹni tí ó gbà á á sì mọ̀ pé ogun ti dé. Èròjà kejì, SpoT, ń gbọ́ ìyọnu mìíràn, bí àìtó irin tàbí ọ̀rá. Òun náà ni ó sì ń fọ́ ppGpp dànù bí oúnjẹ bá padà dé, kí iṣẹ́ lè tún bẹ̀rẹ̀. Michael Cashel àti Jonathan Gallant ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ppGpp ní ọdún 1969. Wọ́n fi ebi pa E. coli, àmì méjì tí wọn kò retí sì yọ lórí fíìmù wọn. Àmì náà kò yọ lára irú E. coli kan tí kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró bí ebi tilẹ̀ ń pa á. Àmì idán ni wọ́n pè é, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ibí ni mo ti fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò yín ṣe. Inú ilé ara rẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ọ̀kan ti ń pa àrokò yìí. Kì í ṣe pé ó ń ránṣẹ́ sí aládùúgbò pé oògùn ti dé o, ẹ sá. Òótọ́ ni pé àwọn bakitéríà kan máa ń tú èròjà sí ìta láti fi mọ̀ bóyá àwọn ti pọ̀ tó láti ṣe nǹkan pọ̀. Lára Vibrio fischeri, bakitéríà inú òkun tí ń tan ìmọ́lẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i dájú, ní nǹkan bí ọdún 1970. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mo rò pé wọ́n kọ́ ọmọ náà ní méjèèjì nínú kíláàsì kan náà ni, ó sì hun wọ́n pọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń ké síra wọn ni, dídí etí wọn á tó.

Ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù ni pé àrokò ebi yìí kan náà ni kòkòrò fi ń di oníjàgídíjàgan. Ẹ wo ìrìn àjò kòkòrò táífọ́ọ̀dù: ó gba inú omi tàbí oúnjẹ wọlé, ó la omi kíkan inú ikùn kọjá, ó dé ìfun, ó wọ inú ara ìfun, sẹ́ẹ̀lì funfun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé kòkòrò mì sì gbé e mì. Oúnjẹ kò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yìí, oró sì kún ibẹ̀. Kòkòrò mìíràn á kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti Salmonella, ìdílé tí kòkòrò táífọ́ọ̀dù wà, ebi ni ó fi ń mọ ibi tí ó dé. ppGpp wà lára ohun tí ń sọ fún un pé àkókò tó láti yọ àwọn irinṣẹ́ tí ó fi ń wọ inú ara jáde, kí ó sì sọ ẹ̀wọ̀n di ilé. Wọ́n ti dán an wò lára eku: Salmonella tí wọ́n mú agbára ṣíṣe ppGpp kúrò lára rẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ fa àìsàn mọ́. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà nílò rẹ̀ kí ó tó lè pẹ́ nínú ara.

Ẹ jẹ́ ká wá mú oògùn wọ ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí ó pọ̀ nínú oògùn apakòkòrò ń fẹ́ bá kòkòrò lẹ́nu iṣẹ́. Penisilíìnì ń ba ògiri jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń mọ ọ́. Ciprofloxacin ń mú àbùdá nígbà tí wọ́n ń tú u láti dà á kọ. Bí ahunṣọ kan bá ti gbé ọ̀pá òfì kalẹ̀ tí ó sùn, oògùn tí ń de ọwọ́ ahunṣọ kò ní rí i mú. Dókítà ọmọ Ireland kan, Joseph Bigger, rí èyí ní ọdún 1944. Ó da penisilíìnì lé kòkòrò tí ń mú kí ojú egbò ṣọyún, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù ṣẹ́ kù. Nígbà tí ó bọ́ àwọn tí ó ṣẹ́ kù tí wọ́n sì bímọ, penisilíìnì kan náà tún pa àwọn ọmọ wọn bí ó ṣe pa àwọn ti ìṣáájú. Wọn kò kọ́ nǹkan kan. Wọ́n kàn dúró ni. Ní láàbù wa, òṣómàáló ni a máa ń pè wọ́n, kí ẹ̀yin ará Iléṣà má bínú sí wa: wọ́n lóṣòó síbẹ̀, wọn kò jà, wọn kò sì lọ.

Ó wá rọrùn láti sọ pé ppGpp ni ó ń mú kí òṣómàáló wọ̀nyí sùn, ọ̀pọ̀ ìwé sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí kan tí ó gbajúmọ̀, tí ó jáde ní ọdún 2013 tí ó sì fi ọ̀nà tí ppGpp ń gbà ṣe é hàn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, ni àwọn tí ó kọ ọ́ fà padà ní ọdún 2018, nígbà tí wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì tí ń gbé inú bakitéríà ti wọ àwọn kòkòrò tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n fà á padà. Ohun tí ó kù tí a lè dì mú ni pé ppGpp ń dín ìdàgbà kù, pé kòkòrò tí kò dàgbà ṣòro fún oògùn láti pa, àti pé ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà sùn ju ẹyọ kan lọ.

Fún ọmọ yín, ibi tí kòkòrò lè lóṣòó sí ni ó kàn wá jù. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù fẹ́ràn àpò òróòro. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, wọ́n á tò lé e lórí ní ìpele ìpele, wọ́n á fi ohun bí àtè bo ara wọn, oògùn kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa yọ kòkòrò náà sínú ìgbẹ́ fún ọdún, kí ara rẹ̀ sì le koko. Àṣìṣe kan tí mo ṣe nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ kò tíì kúrò lọ́kàn mi: mo yẹ ìgbẹ́ obìnrin aláṣè kan wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò rí nǹkan kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní kòkòrò. Àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ń ṣàìsàn tẹ̀ lé ara wọn. Ó tó oṣù márùn-ún kí ọ̀gá mi tó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó sì yọ. Kòkòrò náà kì í jáde lójoojúmọ́. Èmi ni mo kù díẹ̀ káàtó.

Ibùba mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni àtọ̀sí ajá. Kòkòrò Salmonella lè lẹ̀ mọ́ ara aràn tí ń fa àtọ̀sí ajá, aràn náà á sì di ilé ààbò fún un. A lè fún ènìyàn ní oògùn táífọ́ọ̀dù títí láé, bí a kò bá pa aràn náà, ibà yóò máa padà ni. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, tàbí tí ó bá ti tọ ẹ̀jẹ̀ rí, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS, torí Salmonella máa ń bá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀tá lọ́nà tí ó yàtọ̀.

Ní ti oògùn tí yóò gé àrokò náà, wọn kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan gbé èròjà kan jáde tí wọ́n pè ní Relacin, tí ó ń dí irú RelA lọ́wọ́ nínú àwọn bakitéríà kan. Inú láàbù ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà, kò sí oògùn bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ kẹ́míìsì kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Ìṣòro rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ara kòkòrò bíi ti táífọ́ọ̀dù ní ìbòrí méjì tí oògùn gbọ́dọ̀ la kọjá, lẹ́yìn náà kí ó tún wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí kòkòrò náà fi ṣe ilé. RelA nìkan kọ́ ni ó ń ṣe ppGpp, SpoT náà lè ṣe é. Àwọn bakitéríà tí ń ṣe wá lóore nínú ìfun ń lo àrokò yìí kan náà, bí a bá sì gé tiwọn, a kò mọ ohun tí yóò bá a rìn. Lójú tèmi, bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ dé, ẹ̀gbẹ́ oògùn tí a ní tẹ́lẹ̀ ni yóò dúró sí. Kò ní gba ipò rẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ má ra oògùn tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ láìṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ pé orí kunkun ni kòkòrò náà ní, líle lásán kò ní ràn án, èyí tí ó bá a mu ni yóò ràn án. Bí ó bá jẹ́ pé ó sùn ni, ìye ọjọ́ tí a fi lo oògùn ṣe pàtàkì ju líle rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fi ń gba oṣù mẹ́fà, nígbà tí aláìsàn ti ń rò pé òun ti gbádùn ní oṣù kejì. Bí ọmọ bá dáwọ́ oògùn dúró ní ọjọ́ kẹta nítorí pé ibà ti lọ, àwọn tí kò tíì kú ni ó fi sílẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín, bí ó bá tilẹ̀ lo gbogbo rẹ̀ tán, àwọn díẹ̀ ṣì wà tí ibà náà ń padà bá, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ó ti lọ. Ọjọ́ yìí gan-an ni kí ẹ wò: bí ó bá jẹ́ láàárín oṣù kan ni ó ń padà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kòkòrò ti àkọ́kọ́, bí oṣù mẹ́ta bá ti wà láàárín, ojú omi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí ibà náà bá tún dé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó fi oògùn apakòkòrò kankan sẹ́nu, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ sínú oúnjẹ kòkòrò, tí wọ́n á wo ohun tí ó hù, tí wọ́n á sì dán oògùn wò lára rẹ̀. Ó wọ́n ju Widal lọ, ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, kì í sì í mú ju nǹkan bí ìdajì lọ nínú àwọn tí ó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́. Bí kò bá hù, kò túmọ̀ sí pé kò sí. Síbẹ̀, bí ó bá hù, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n yẹ ti ẹni tí ń dáná nílé wò pẹ̀lú. Bí ó bá yọ, nígbà náà ni a ó tó máa sọ̀rọ̀ àwòrán àpò òróòro. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí kànga yín bá sún mọ́ ṣalángá, ẹ máa se omi mímu kí ó hó dáadáa, ẹ má sì wò ó pé ó mọ́ lójú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2018 wà, ẹ béèrè bóyá ó wà ní ọ̀dọ̀ yín. Ó ń dènà èyí tí ń bọ̀, kì í lé èyí tí ó ti jókòó sínú òróòro.

Ẹ kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ àti páálí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ bá dókítà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ibà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó lọ sára bébà kan. Bébà yẹn ni èmi ìbá kọ́kọ́ béèrè bí ẹ bá wá bá mi.